Irin Tẹ́ẹ́rẹ́ tí Fẹ́yì Gbé Wálé

Àwọn ọ̀dọ́ ìjọ wa ní Grand Concourse ni wọ́n ní kí n kọ ìtàn iṣẹ́ mi sínú ìwé ìròyìn wọn, kí àwọn tí wọn kò tíì mọ iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ ṣe lè rí nǹkan kà. Mo gbà. Ṣùgbọ́n kí n tó mú bírò, ìyàwó mi, Màmá Fẹ́yì, ti ní ohun tirẹ̀ tí ó fẹ́ kí ìtàn náà ṣe. Fẹ́yì, ọmọ wa obìnrin, fẹ́ fi iṣẹ́ oògùn tí ó kọ́ ní yunifásítì sílẹ̀, kí ó lọ máa ṣe ìjẹ ẹja ní ilé iṣẹ́ kékeré kan létí adágún ní òkè ìpínlẹ̀ New York. Ìyàwó mi ní kí n kọ gbogbo ìyà tí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fi jẹ mí, kí n má fi ọ̀kankan bò, kí ọmọ náà kà á kí orí rẹ̀ wálé. Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ kó o sí i lórí. Ẹ̀yin náà ni kẹ́ ẹ kó o kúrò."

Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Bí mo bá kọ ìyà nìkan, mo ń ba iṣẹ́ tí mo fẹ́ràn lórúkọ jẹ́. Bí mo bá kọ adùn rẹ̀, wọn kò ní fún mi lọ́bẹ̀ nílé. Láti àárọ̀, mo ti dìde lórí àga yìí láìmọye ìgbà. Mo ti rìn yí ọgbà Parkchester tí à ń gbé po, mo ti padà wọlé, mo ti po tíì tí n kò mu. Ẹ fara dà á fún mi. N kò mọ ìjókòó jẹ́ẹ́, kódà nígbà tí mo ṣì wà níṣẹ́.

Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n bí mi sí, létí ọ̀sà. Àwọ̀n àti ìgèrè ni bàbá mi fi ń pẹja, ẹ̀pìyà àti àrọ̀ ni ó sì fi tọ́ wa dàgbà. Bí mo ṣe dé New York àti àwọn iṣẹ́ tí mo kọ́kọ́ ṣe kò tó ohun tí à ń fi bébà ṣòfò lé lórí. Ẹrù ni mo ń kó ní pápákọ̀ òfurufú, nínú ilé tí kò ní fèrèsé. Ní Sátidé kan, omi ń wù mí bí oúnjẹ ṣe ń wu aláàwẹ̀. Mo wọ ọkọ̀ ojú irin subway 6 dé ìdíkọ̀ tó kẹ́yìn, mo tún wọ bọ́ọ̀sì lọ sí City Island, erékùṣù kékeré kan ní Bronx tí ó kún fún ọkọ̀ ojú omi. Mo rí ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń ta ọ̀pá ìwọ̀, tí wọ́n sì ń fi ọwọ́ ṣe ìjẹ ẹ̀tàn lẹ́yìnkùlé. Mo wọlé, n kò sì jáde mọ́ títí irun mi fi funfun.

Ẹni tí kò bá mọ ìjẹ ẹ̀tàn, igi tàbí òjé ni, tàbí irin, tí a gbẹ́ tí a sì kùn lọ́dà kí ẹja ńlá lè rò pé ẹja kékeré ni. Nígbà tí bàbá mi gbọ́ pé igi ni mò ń kùn lọ́dà kí ẹja máa gbé e mì, ó ránṣẹ́ sí mi pé ṣé kò sí ekòló ní Amẹ́ríkà ni.

Ọ̀gá Renzo ni ó ni ṣọ́ọ̀bù náà. Ará Ítálì ni, ó kúrú, ọwọ́ rẹ̀ nípọn, kì í sì í kí ènìyàn láàárọ̀. Mo kọ́kọ́ rò pé nítorí àwọ̀ mi ni, títí mo fi rí i pé kì í kí ìyàwó tirẹ̀ náà. Gbogbo ìgbà òtútù àkọ́kọ́ tí mo lò lọ́dọ̀ rẹ̀, kókó ni mò ń ta. Ó fi fáìsì, irinṣẹ́ tí ń di nǹkan mú, mú òrùka irin kan mọ́ tábìlì, ó fún mi ní okùn, ó ní kí n so ó. Bí mo bá so ó tán, yóò di ojú, yóò fi ìka tọ okùn náà títí dé ìdí kókó, yóò sì mú sísọ́ọ̀sì gé e. Kò ní sọ ohun tó burú níbẹ̀. Èmi yóò tún bẹ̀rẹ̀.

Ọmọ apẹja ni mí, mo ti mọ kókó ta kí n tó mọ ìwé kà, ọ̀rọ̀ náà sì ń bí mi nínú gidigidi. Lọ́jọ́ kan mo bi í pé kí gan-an ni kókó mi ṣe é. Ó dá mi lóhùn pé kókó àwọ̀n ni mò ń ta. Kókó àwọ̀n, ó ní, iṣẹ́ rẹ̀ ni kó di nǹkan mú, ṣùgbọ́n kókó ìjẹ gbọ́dọ̀ di ìjẹ mú kó sì tún jẹ́ kó ṣeré. Ọmọdé kì í mọ ẹ̀kọ jẹ kó má ra á lọ́wọ́, ṣùgbọ́n èmi kì í ṣe ọmọdé nígbà náà, mo ti lé lọ́gbọ̀n ọdún. Ẹja tútù là ń ká, tèmi sì ti ń gbẹ lọ. Ọ̀gá Renzo ká mi bẹ́ẹ̀ náà, ó sì dùn mí dé egungun.

Òfin kan wà nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn tí n kò rí níbòmíràn. Ọpọ́n gígùn kan wà lẹ́yìnkùlé tí omi máa ń kún inú rẹ̀. Ìjẹ yòówù tí ó bá dé, ìbáà ṣe èyí tí a fúnra wa ṣe tàbí èyí tí aṣojú ilé iṣẹ́ kan gbé wá, kò gbọdọ̀ kan ògiri títí ẹni tí yóò tà á yóò fi so ó mọ́ okùn fúnra rẹ̀, tí yóò fà á lọ fà á bọ̀ nínú ọpọ́n, tí yóò sì gbé e lọ sínú òkun kí ẹja náà lè sọ èrò tirẹ̀. Àwọn aṣojú máa ń bínú. Wọ́n á gbé àpótí aláràbarà wá, wọ́n á rò pé àá rà á lójú ẹsẹ̀, Ọ̀gá á sì na ìka sí ọpọ́n. Mo rí ìjẹ kan tí ó lẹ́wà débi pé mo fẹ́ gbé e kọ́ sára ògiri ilé mi. Nígbà tí a fà á nínú omi, ṣe ni ó sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹni tí àárẹ̀ mú. Ọ̀gá mú ìjẹ wa kan tí a kò tíì kùn, igi lásán, ó jù ú sínú omi, ó ń rìn gbẹndẹkẹ. Ó kàn wò mí.

Ibẹ̀ ni iṣẹ́ náà ti mú mi. Kò sí ọjọ́ kan tí n kì í fẹ́ mọ bí ti ọ̀la yóò ṣe rìn nínú omi. Mo lè wà nílé ìjọsìn, kí ọwọ́ mi máa ta kókó lára etí aṣọ mi. Ìyàwó mi, tí ó ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì, máa ń sọ pé bí wọ́n bá so mí mọ́ ibùsùn, màá rìn pẹ̀lú ibùsùn náà.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ti pín-ìnnì, nítorí kò sí bí mo ṣe lè fo ó. Wáyà kékeré kan ni, a máa ń ṣí i, a sì máa ń pa á dé, bíi pín-ìnnì tí àwọn ìyá fi ń mú ìlédìí ọmọ. Apẹja tí kò bá fẹ́ máa ta kókó ní gbogbo ìgbà tí ó bá pààrọ̀ ìjẹ yóò so pín-ìnnì mọ́ ẹnu okùn, yóò sì máa fi ìjẹ kọ́ ọ. Púpọ̀ nínú àwọn oníbàárà wa ni kò lè ṣe láìsí i.

Nígbà kan tí ewé ti ń wọ́, oníbàárà kan ra òjé ńlá tí a fi ń pa ẹja onílà, èyí tí wọ́n ń pè ní striper. Ó ra pín-ìnnì mọ́ ọn, láti inú èyí tí aṣojú kan ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wá. Lójú wa, wáyà ni wáyà ń jẹ́, ẹnikẹ́ni kò ronú pé ó yẹ kí á fa òun náà nínú ọpọ́n. Ọkùnrin náà ní òun fẹ́ dán ọ̀pá òun wò ní èbúté ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù. Ó gbé ọ̀pá náà sẹ́yìn, ó fi gbogbo agbára jù ú. Pín-ìnnì náà ṣí kí òjé tó kọjá orí rẹ̀. Ọ̀gá Renzo ń ti ẹnu ọ̀nà jáde bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú kọfí lọ́wọ́. Òjé náà bà á lójú ọ̀tún.

N kò ní sọ bí ẹ̀jẹ̀ ṣe rí. Èmi ni mo fi aṣọ ìnura di ojú rẹ̀ mú títí áńbúláǹsì fi dé, ohun kan ṣoṣo tí ó sì ń bèèrè ni pé ta ló wà nídìí ṣọ́ọ̀bù. Ojú náà kò ríran mọ́. Nígbà tí ó padà dé, ó ṣa gbogbo pín-ìnnì tó wà lára ògiri, ó kó wọn sínú agolo ọ̀dà, ó da ọ̀dà lé wọn lórí, ó fi wọ́n sílẹ̀ kó gbẹ. Ó ní láti òní lọ, ohun tí ó bá ti ṣọ́ọ̀bù òun jáde, ọwọ́ ènìyàn ni yóò so ó tààrà.

Ojú kan kì í jẹ́ kí ènìyàn mọ bí nǹkan ṣe súnmọ́ tó. Ọ̀gá á na búrọ́ọ̀ṣì sí ìjẹ, á sì kun afẹ́fẹ́ lọ́dà. Ó gbìyànjú fún ìgbà díẹ̀, ó ń ṣépè lédè Ítálì. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan ó dìde lórí àga, ó fi ẹsẹ̀ tì í sọ́dọ̀ mi, ó lọ dúró sídìí káńtà. Báyìí ni tábìlì iṣẹ́ ṣe di tèmi. Inú mi dùn, inú mi sì bàjẹ́ pé inú mi dùn.

Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí okùn, á sá. Èmi kọ́ ni ejò náà bù jẹ, ṣùgbọ́n mo wà níbẹ̀. N kò fọwọ́ kan pín-ìnnì mọ́ ní gbogbo ìyókù iṣẹ́ mi. Àwọn oníbàárà tuntun a máa rẹ́rìn-ín pé àwọn ará àtijọ́ ni wá. A jẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín.

Àwọn irinṣẹ́ wá ń yí padà lọ́wọ́ wa. Igi lọ, ike dé. Okùn náílọ́ọ̀nù lọ, okùn híhun dé, èyí tí ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun tí ó sì lè gé ìka. Ọkọ̀ ojú omi ní ẹ̀rọ tí ń fi ẹja hàn lábẹ́ omi bí ẹni ń wo tẹlifíṣọ̀n. Lẹ́yìn náà ni àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í wá sí ṣọ́ọ̀bù láti fọwọ́ kan nǹkan, kí wọ́n sì lọ rà á lórí fóònù. Ọ̀gá Renzo kú. Àwọn ọmọ rẹ̀ ta ṣọ́ọ̀bù náà. Ẹni tí ó rà á kó ọpọ́n gígùn náà jù síta, ó gbé fìríìjì ohun mímu sí àyè rẹ̀. Mo bá a ṣiṣẹ́ títí ẹ̀yìn mi fi kọ̀, mo sì fẹ̀yìn tì. Ìyà yẹn nìyẹn, Màmá Fẹ́yì, mo ti kọ ọ́: ẹ̀yìn ríro, òórùn ọ̀dà nínú àyà, ìka tí òtútù ti sọ di igi, àti iṣẹ́ ọwọ́ tí ẹlòmíràn fi fìríìjì rọ́pò.

Ibi tí mo kọ ìtàn yìí dé nìyẹn nígbà tí Fẹ́yì gbé àpò kékeré kan wálé láti ibi iṣẹ́ oògùn rẹ̀ ní Jamaica, àdúgbò kan níhìn-ín ní New York. Ilé iṣẹ́ tí ó fẹ́ lọ náà kò béèrè ìwé ẹ̀rí. Wọ́n fi ìjẹ tuntun díẹ̀ ránṣẹ́ sí i, èyí tí wọ́n ṣe fún ẹja wọ́láì, wọ́n ní kí ó so ó bí ó bá ṣe rò pé ó yẹ, kí ó lọ fi pẹja, kí ó sì sọ ohun tí ó kù díẹ̀ káàtó lára rẹ̀ fún wọn. Bí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá mọ́gbọ́n dání, wọ́n á gbà á. Bí kò bá mọ́gbọ́n dání, kó jókòó ti oògùn rẹ̀.

Òkun ni mo mọ̀. Wọ́láì jẹ́ ẹja adágún, n kò pa á rí. Ìjẹ náà pàápàá ṣàjèjì sí mi. Irin pẹlẹbẹ ni, ó tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n gé e bí ẹja, òjé díẹ̀ wà níkùn rẹ̀, ìwọ̀ méjì rọ̀ lábẹ́ rẹ̀. Gbogbo ìjẹ tí mo ti ṣe láyé mi, imú ni ihò rẹ̀ máa ń wà. Ti èyí wà lórí ẹ̀yìn rẹ̀, ihò mẹ́ta ní ìlà láti iwájú lọ sí ìdí, kí ẹni tó ni ín yan èyí tó wù ú. Mo ní kí Fẹ́yì má sọ ohunkóhun. Mo bu omi kún báàfù, mo so okùn ọ̀pá ìwọ̀ mi mọ́ ihò iwájú, mo fà á. Ọ̀pá náà ń gbọ̀n lọ́wọ́ mi bíi fóònù tí wọ́n pa ohùn rẹ̀. Mo so ó mọ́ ihò tó kẹ́yìn, ó gbọ̀n lọ́nà mìíràn, ó ń jù sọ́tùn-ún jù sósì. Àwa méjèèjì tẹ̀ sórí báàfù, omi ti rin wá, nígbà tí Màmá Fẹ́yì ti ibi iṣẹ́ dé. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwẹ̀ pẹ̀lú báàgì léjìká. Ó wo ọmọ, ó wo èmi.

Ó ní, "Ẹ̀yin ni mo ní kẹ́ ẹ bá mi sọ̀rọ̀ fún un."

Mo ṣèlérí pé tí èmi àti Fẹ́yì bá gbé ìjẹ náà dé adágún, níbi tí kò ti ní lè sá fún mi, màá sọ ọ́. Ohun tí mo ní lọ́kàn láti ṣe gan-an nìyẹn.

Ó di ọjọ́ Sátidé, nígbà ìrúwé, Fẹ́yì wa mọ́tò, a lọ sí adágún Oneida ní òkè ìpínlẹ̀ yìí. A yá ọkọ̀ ojú omi kékeré ní àárọ̀, òtútù ṣì ń jẹ. Ó tú àpò rẹ̀, mo sì rí pín-ìnnì kékeré tí ó ń dán lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ìjẹ náà. Mo sọ fún un pé n kò ní jókòó sínú ọkọ̀ kan náà pẹ̀lú nǹkan yẹn. Ó mọ ìtàn ojú Ọ̀gá, kò sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n nílé wa. Ó kó pín-ìnnì náà padà sínú àpò, ó sì jẹ́ kí n so irin náà tààrà.

Kókó tí mo ta lọ́jọ́ náà kò lẹ́gbẹ́. Mo ju ìjẹ náà síwájú, mo fà á, kò pẹ́ tí nǹkan gbé e. Ọ̀pá tẹ̀. Mo ń rẹ́rìn-ín. Lójijì, ọ̀pá náà fúyẹ́, okùn bọ̀ sókè lófo. Fẹ́yì mú ẹnu okùn náà, ó wò ó. Mo ní ẹja náà lágbára ni. Mo fi okùn tó nípọn jù bẹ́ẹ̀ lọ so òmíràn. Ṣùgbọ́n okùn tó nípọn kò jẹ́ kí irin náà gbọ̀n mọ́, ó kàn ń wọ́ tuurutu. Mo padà sí okùn tẹ́ẹ́rẹ́. Ẹja gbé e, okùn já. Mo tún so, ó tún já. Mo ń bínú sí okùn, mo ń bínú sí ẹja, mo ti dìde dúró nínú ọkọ̀ tí kò yẹ kí ènìyàn dìde dúró nínú rẹ̀. Nígbà tí mo na ọwọ́ sínú àpò, ẹyọ kan ṣoṣo ni ó kù.

Fẹ́yì gbé ọwọ́ lé àpò náà. "Daddy, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ fún mi. Iṣẹ́ tèmi ni wọ́n fi ránṣẹ́."

Mo ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà.

"I know," ó wí, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Knot yín kò ní ẹ̀bi, Daddy. Ihò yẹn ló ń gé okùn. Ẹ fọwọ́ kàn án."

Mo fi ìka kan etí ihò náà. Ó mú bí abẹ. Báwo ni n kò ṣe fọwọ́ kàn án ṣáájú? Ọ̀gá Renzo ti kọ́ mi pé kókó ni kí n máa fọwọ́ tọ́, ibi tí mo sì fi gbogbo ọgbọ́n mi sí nìyẹn. Nínú báàfù kò sí ẹja tí ó fà á, ihò náà kò rí okùn gé. Wáyà gbọ́dọ̀ wà láàárín irin àti okùn. Ìyẹn ni pé pín-ìnnì gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀.

Mo sọ fún un pé pín-ìnnì máa ń ṣí. Ó fi ẹ̀mú di ẹnu kan rẹ̀ mú, ó na ìkejì sí mi, ó ní kí n fà á títí ó fi tẹ́ mi lọ́rùn. Mo fi gbogbo agbára mi fà á. Kò ṣí. Mo ní fífà kọ́ ni, jíjù ni, pé ìgbà tí ènìyàn bá jù ú ni ó máa ń lọ bá ojú ẹlòmíràn. Ó wá sọ ohun tí n kò rò láti ìgbà tí mo ti wà nínú iṣẹ́ yìí.

"A ò ní jù ú rárá, Daddy. Inú ọkọ̀ la wà. Ẹja wà lábẹ́ wa. A máa sọ ọ́ kalẹ̀ ni."

Mo jókòó. Etí òkun ni mo ti ń dúró láti ọjọ́ tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, jíjù ni gbogbo ìjẹ mi. Fẹ́yì fi pín-ìnnì kọ́ ihò iwájú, ó jẹ́ kí irin náà sọ̀kalẹ̀ dé ìsàlẹ̀ omi. Mo ní kó fà á sókè kíkan. Ó fà á bí mo ṣe wí lẹ́ẹ̀kan, ìwọ̀ ìdí rẹ̀ sì lọ́ mọ́ okùn. Ó tú u, kò bá mi jiyàn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e sókè pẹ̀lẹ́, títí yóò fi gbọ̀n díẹ̀, á tún jẹ́ kó rọra padà sílẹ̀. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹnu mi ń yún mi láti sọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n òun ni ó ń ṣe é, èmi kọ́. Nígbà kan tí irin náà ń lọ sílẹ̀, okùn dẹ̀ díẹ̀, kékeré báyìí, èmi kì bá tí rí i. Ó gbé ọ̀pá, ọ̀pá sì tẹ̀.

Wọ́láì náà gùn, ara rẹ̀ ní àwọ̀ wúrà, ojú rẹ̀ funfun bíi dígí tí èéfín bò. Fẹ́yì tú u lẹ́nu ìwọ̀, ó wo ìjẹ náà yíká, ó wo ihò, ó wo wáyà, kí ó tó wo ẹja. Níbẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé mo ti pàdánù ẹjọ́ tí ìyàwó mi rán mi. Oníṣẹ́ ni ó ń wo ìjẹ ṣáájú ẹja.

Ó fi omi fọ ọwọ́. Ó ní, "Mummy ní kí ẹ sọ fún mi pé kí n má lọ, àbí?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Ẹ wá sọ ọ́."

Mo sọ ọ́. Mo sọ ti ẹ̀yìn, mo sọ ti ọ̀dà, mo sọ pé òtútù yóò jẹ ìka rẹ̀, pé àwọn ojúgbà rẹ̀ yóò máa béèrè ohun tí ó ń ṣe tí wọn kò sì ní lóye rẹ̀, pé ẹnì kan lè gbé fìríìjì sórí gbogbo ohun tí ó bá ṣe. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀ láìmira. Ó wá bi mí pé ṣé ìdí tí èmi fúnra mi kò fi fẹ́ kí òun lọ nìyẹn. Omi dákẹ́, kò sí ibi tí mo lè rìn lọ nínú ọkọ̀ yẹn. Mo sọ òótọ́ fún un.

Mo ní, "Rárá. Ìlara ni. Ìwọ fẹ́ bẹ̀rẹ̀, èmi ti parí. N kò mọ bí màá ṣe jókòó sí Parkchester kí n máa gbọ́ ohun tí o ń ṣe lórí fóònù."

Kò rẹ́rìn-ín. Ó di ọwọ́ mi mú, èyí tí òtútù ti mú kó le, ó sì dì í mú fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó mú fóònù rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ohun tí ó rí ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ náà: pé kí wọ́n fi fáìlì tí a fi ń ra irin ra etí ihò náà tàbí kí wọ́n máa tà á pẹ̀lú pín-ìnnì tí wọ́n ti fà wò, pé ìwọ̀ ìdí rẹ̀ gùn jù. Mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ kan kún un. Oko kì í jẹ́ ti baba tọmọ kó má ní ààlà. Mo yíjú sí omi títí ó fi kọ ọ́ tán.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń yan iṣẹ́, n kò ní ìmọ̀ràn gidi fún yín ju èyí lọ: ẹ wo ohun tí ẹ kọ́kọ́ ń wò nígbà tí àwọn yòókù bá ń wo ẹja. Wọ́n dá Fẹ́yì lóhùn láàárín ọ̀sẹ̀. Wọ́n ní kó máa bọ̀.

Ní ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn, èmi àti ìyàwó mi jókòó nínú yàrá wa. Ó bi mí pé ṣé mo sọ fún ọmọ náà. Mo ní mo sọ gbogbo rẹ̀, n kò fi ọ̀kankan bò. Ó bi mí pé ṣé ó ń lọ. Mo ní ó ń lọ. Mo ti múra fún ìjà, mo ti ń wá bàtà mi lábẹ́ ibùsùn kí n lè jáde lọ rìn.

Ó ní, "Ṣé òtútù ibẹ̀ pọ̀?"

Mo ní ó pọ̀ ju tibí lọ. Ó dìde, ó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, ó mú ẹ̀wù òtútù rẹ̀ tó nípọn jáde, èyí tí ó ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́ nọ́ọ̀sì láti ìgbà tí Fẹ́yì wà lọ́mọ ọwọ́. Ó gbọ̀n ọ́n, ó yẹ bọ́tìnnì rẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ká a. Ó ní kí n yé wo òun lójú, kí n lọ wá báàgì wá.